Ejò Ló Bá Wọn Ka Ẹja: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Nínú Ọ̀sà New Caledonia

Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ mẹ́fà kan, Ivan Ineich, Xavier Bonnet, François Brischoux, Michel Kulbicki, Bernard Séret àti Richard Shine, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Marine Biology. Ọ̀rọ̀ ẹja ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n inú ikùn ejò ni wọ́n ti rí ẹja ọ̀hún. Wọ́n ní àwọn ẹja gbọọrọ, àwọn tí ara wọn rí bí ti ejò, pọ̀ nínú ọ̀sà New Caledonia ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Àwọn tó ti ń ka ẹja níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ń kọjá lórí wọn láìrí wọn. Irú 14 wà lára wọn tí kò tíì sí nínú àkọsílẹ̀ kankan nípa agbègbè náà. Mo fẹ́ tú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí palẹ̀, torí ó kan ìbéèrè kan tí mo kà sí pàtàkì gan-an: báwo la ṣe ń mọ ohun tó wà nínú omi níbi tí ojú wa kò tó?

New Caledonia jẹ́ àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ Faransé nínú Òkun Pàsífíìkì, ní ìlà oòrùn Ọsirélíà. Nouméa ni olú ìlú ibẹ̀. Àpáta iyùn tó gùn tó 1,600 kìlómítà ló yí erékùṣù ńlá ibẹ̀ ká, omi tó sì wà láàárín àpáta yìí àti ilẹ̀ ni ọ̀sà tí mò ń sọ. Àjọ UNESCO fi apá púpọ̀ nínú rẹ̀ sára ogún àgbáyé ní 2008. Omi náà kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi. Ibòmíràn wà tí àgbàlagbà lè dúró kí omi má kọjá àyà rẹ̀, kó sì máa wo iyanrìn, koríko inú òkun àti òkúta iyùn kéékèèké lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ẹja-ejò fẹ́ràn.

Ẹja-ejò ni mo ń pe àwọn ẹja gbọọrọ ìdílé Ophichthidae. Wọ́n ju irú 300 lọ láyé, omi ilẹ̀ olóoru ni púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó wà nínú ọ̀sà yìí, Myrichthys colubrinus. Pieter Boddaert, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ayé sáyẹ́ǹsì ní 1781. Ó lè gùn tó 97 sẹ̀ǹtímítà, ara rẹ̀ kò sì nípọn. Àwọ̀ rẹ̀ funfun, àmọ́ kò funfun délẹ̀, òrùka dúdú bíi 25 sí 32 sì tò yí i ká láti orí dé ìrù. Kò ní ìpẹ́. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ẹni tó bá jìnnà sí i díẹ̀ kò ní rí i. Lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kéré púpọ̀. Ihò imú rẹ̀ méjèèjì gùn jáde, wọ́n sì dojú kọ ìsàlẹ̀, torí òórùn ló fi ń wá oúnjẹ: á máa rìn lórí iyanrìn, á máa ki ẹnu bọ ihò kan lẹ́yìn òmíràn, bóyá akàn, edé tàbí ẹja kékeré kan wà níbẹ̀.

Ìrù rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù. Ẹja tí a mọ̀, lẹbẹ ló máa ń wà ní ìparí ìrù wọn. Ti ẹja yìí le, ó rí ṣóńṣó, kò sì sí lẹbẹ kankan níbẹ̀. Ohun èlò ìwalẹ̀ ni. Á fi í gún iyanrìn, á máa fà sẹ́yìn wọlé, títí gbogbo ara rẹ̀ á fi rì. Ó lè fi orí nìkan síta, ó sì lè fa orí náà wọlé. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, iyanrìn lásán ló máa rí.

Ọmọ rẹ̀ pàápàá kò jọ ọ́. Ara ọmọ náà pẹlẹbẹ, ó mọ́ gaara débi pé èèyàn lè rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, omi òkun á sì máa gbé e kiri fún ìgbà pípẹ́ kó tó gúnlẹ̀ sí etíkun kan, kó sì para dà di ẹja gbọọrọ. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí irú ẹja kan ṣoṣo yìí wà láti Òkun Pupa àti etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà títí dé àwọn erékùṣù àárín gbùngbùn Pàsífíìkì.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ka irú ẹja báyìí? Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ níbi òkúta iyùn. Nínú àkọ́kọ́, òmùwẹ̀ á ta okùn sísàlẹ̀ omi, á máa lúwẹ̀ẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú wàláà tó ṣeé kọ nǹkan sí lábẹ́ omi, á sì máa kọ ẹja tó bá rí àti bí ó ti tóbi tó. Iṣẹ́ gidi ni. Kulbicki, tó wà lára àwọn mẹ́fà tí mo dárúkọ, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ẹja òkúta iyùn ní Pàsífíìkì, nítorí náà ẹ má rò pé àwọn tí kò mọṣẹ́ ló ń kà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà náà dára fún ẹja tó ń jáde sí gbangba lọ́sàn-án. Àmọ́ moray, ẹja gbọọrọ mìíràn tó máa ń sá sínú pàlàpálá òkúta, ńkọ́? Ẹja-ejò tó wà lábẹ́ iyanrìn ńkọ́? Àwọn tó jẹ́ pé òru nìkan ni wọ́n ń jáde ńkọ́? Òmùwẹ̀ á kọjá lórí gbogbo wọn, á sì kọ òdo sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni oró kan tó ń jẹ́ rotenone, tí wọ́n ń rí lára gbòǹgbò àwọn igi kan. Wọ́n á dà á sí ojú kan, ẹja ojú ibẹ̀ kò ní lè mí mọ́, wọ́n á sì kó òkú wọn jọ láti kà. A mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa: ewé olóró tí àwọn kan ń gún sínú odò kí ẹja lè léfòó. Ṣùgbọ́n ẹja tó kú sínú ihò kì í léfòó. Inú ihò tó wà náà ló máa jẹrà sí, ẹni tó ń kó òkú ẹja kò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí.

Nítorí náà, ọ̀nà méjèèjì fẹnu kò pé ẹja gbọọrọ kò pọ̀ nínú ọ̀sà. Ìfẹnukò yẹn gan-an ló ṣini lọ́nà. Bí ẹ̀rí méjì bá sọ ohun kan náà, a máa ń tètè gbà á gbọ́. Kò sẹ́ni tó wò ó pé ibi tí ojú ìkíní kò dé ni ojú ìkejì náà kò dé.

Ejò òkun méjì kan wà níbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹja gbọọrọ nìkan ni wọ́n ń jẹ: Laticauda saintgironsi àti Laticauda laticaudata. Tricot rayé ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n lédè Faransé. Òrùka dúdú ló yí ara àwọn méjèèjì ká. Àwọ̀ abẹ́ òrùka yìí jẹ́ búlúù lára ìkejì, ti àkọ́kọ́ sì sún mọ́ àwọ̀ ọsàn tàbí búráùn. Títí di 2006, wọ́n ṣì ń ka ti àkọ́kọ́ mọ́ Laticauda colubrina tó wà káàkiri Ásíà àti Pàsífíìkì, kó tó di pé Harold Cogger àti Harold Heatwole yà á sọ́tọ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ Hubert Saint Girons, onímọ̀ ejò ará Faransé, sọ ọ́.

Oró wọn le, ó tó pa èèyàn. Síbẹ̀ ejò oníwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, wọn kì í lé ẹni tí kò bá fọwọ́ kàn wọ́n. Torí ẹja ni wọ́n ṣe ní oró yẹn. Moray ní eyín tó mú, ó sì lè ya ejò lára jálẹ̀ bí wọ́n bá jọ há sínú ihò kan, nítorí náà oró gbọ́dọ̀ tètè mú un rọ kí ejò tó lè gbé e mì.

Ohun kan ló ya àwọn ejò yìí sọ́tọ̀ láàárín àwọn ejò òkun, ohun náà ló sì gbé gbogbo ìwádìí yìí ró. Púpọ̀ nínú ejò òkun kì í gúnlẹ̀ rárá, inú omi ni wọ́n ń bímọ sí. Ti Laticauda kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkun ló ti ń jẹun, àmọ́ orí ilẹ̀ ló ti ń sinmi, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ awọ, ibẹ̀ ló sì ń yé ẹyin sí. Bó bá ti gbé ẹja mì, á lúwẹ̀ẹ́ padà sí erékùṣù rẹ̀, á wọ abẹ́ òkúta etíkun, ara rẹ̀ á móoru, oúnjẹ á sì máa dà nínú rẹ̀. Odindi ni ó sì ń gbé ẹja mì, kì í já a jẹ.

Ẹ wá wò ó. Ẹ̀dá kan wà tó mọ gbogbo ihò tó wà nínú ọ̀sà, tí kò wá ohun mìíràn ju ẹja tí àwa kò lè rí lọ, tó ń mú wọn lódindi, tó sì ń gbé wọn wá sórí ilẹ̀ níbi tí ọwọ́ èèyàn ti lè tó o. Àwọ̀n ni, kò sì sí apẹja kankan tó lè hun irú rẹ̀.

Erékùṣù Signal, tí kò jìnnà sí Nouméa, wà lára ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Wọ́n á mú ejò lórí ilẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sàmì sí i lára kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí wọ́n bá tún pàdé rẹ̀. Wọ́n á wá fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ẹja bá wà níbẹ̀, wọ́n á rọra tì í bọ̀ níwájú títí ejò á fi bì í jáde, lẹ́yìn náà ejò á máa bá tirẹ̀ lọ. Kò pọn dandan láti pa á. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú iṣẹ́ náà gan-an, pàápàá tí mo bá fi wé oró tí wọ́n ń dà sínú omi.

Àmì tí wọ́n ń fi sí ejò lára kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni wọ́n fi mọ iye wọn. Ká sọ pé ẹ mú ejò 100 lónìí, ẹ sàmì sí gbogbo wọn, ẹ sì tú wọn sílẹ̀. Ẹ padà wá lẹ́yìn àkókò díẹ̀, ẹ tún mú 100, ẹ wá rí i pé 10 péré ló ní àmì. Ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ejò ibẹ̀ lẹ ti sàmì sí, àpapọ̀ wọn á sì súnmọ́ 1,000. Àpẹẹrẹ ni iye tí mo lò yìí, àmọ́ bí ọgbọ́n náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Lórí erékùṣù iyùn kékeré kan ṣoṣo, ó kéré tán ejò 1,500 ni wọ́n ṣírò pé ó wà.

Nínú gbogbo ohun tí ejò bì jáde, ìdá 99.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ẹja gbọọrọ. Wọ́n wá ṣírò rẹ̀ pé àwọn ejò náà ń mú ẹja gbọọrọ tó tó 36,000 lọ́dún, ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 972 kìlógíráàmù. Bí ẹ bá pín in, ẹja bí 100 ni lójúmọ́, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó gíráàmù 27. Ẹja kéékèèké ni wọ́n, èyí tó máa ń wà nínú ihò tóóró, tí òmùwẹ̀ kò lè rí bó ti wù kí ojú rẹ̀ mú tó. Ẹja tí ejò jẹ nìkan sì nìyí o. Ẹja tó ṣẹ́ kù sínú omi, tó ń bímọ tí ejò tún ń rí mú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbọ́dọ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Àǹfààní kan tún wà nínú pé ejò náà jẹ́ irú méjì. Brischoux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé Laticauda saintgironsi ń wá oúnjẹ rẹ̀ jù níbi òkúta, nígbà tí Laticauda laticaudata ń mú ẹja ibi rírọ̀, níbi iyanrìn àti ẹrẹ̀. Ìkíní ń yẹ òkúta wò, ìkejì ń yẹ iyanrìn wò. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló wà, ìdajì ìtàn là bá gbọ́.

Lára ẹja tí ejò gbé wá ni moray kan tó ń jẹ́ Cirrimaxilla formosa. Taiwan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1995. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ rí pé ó wà ní New Caledonia. Ní 2008, Séret àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde nínú ìwé àtìgbàdégbà Cybium pé ó wà níbẹ̀, inú ejò ni wọ́n sì ti rí i. Ẹja yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ti wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé jáde nípa ẹja ọ̀sà náà.

Ó kù ọ̀rọ̀ aṣọ. Myrichthys colubrinus gbé òrùka dúdú wọ̀ bíi ti Laticauda gẹ́lẹ́, débi pé ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí "bíi ti ejò" ni Boddaert fi sọ ọ́. Bí ejò bá ń jẹ ẹja gbọọrọ, èrè wo ló wà nínú kí ẹja gbọọrọ wọ aṣọ ejò? Èsì rẹ̀ ni pé kì í ṣe ejò ni ẹja náà ń dẹ́rù bà. Ejò tó ń ki orí bọ ihò kò nílò láti wo òrùka ara ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹja ńlá àti ẹyẹ tó lè gbé e lórí iyanrìn gbangba ni aṣọ náà wà fún. Ẹja-ejò yìí kò dà bí púpọ̀ nínú ìdílé rẹ̀ tó ń fara pamọ́ tọ̀sán tòru. A sábà máa ń rí i lọ́sàn-án gangan tó ń wá oúnjẹ kiri níbi tí omi kò jìn, tí kò sì sí ihò tó lè sá sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó máa rìn báyẹn nílò ohun tí yóò jẹ́ kí ọ̀tá rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ibì kan ṣì wà tí àlàyé yìí kò bò tán. Laticauda kò dé Òkun Pupa, kò sì dé etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ẹja náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú òrùka rẹ̀. Ta ló wá ń dẹ́rù bà níbẹ̀? Èrò tèmi ni pé òrùka dúdú àti funfun ní iṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ: ó tún ń gé ara gígùn sí wẹ́wẹ́ lójú ẹni tó ń wò ó nínú koríko àti ìtànṣán oòrùn tó ń mì lábẹ́ omi, tí kò fi ní mọ ibi tí orí wà àti ibi tí ìrù wà. Mi ò ní kó gbogbo ẹ̀ lé ejò lórí.

Fún ẹni tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ nírú omi bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ wọn ṣeé mọ̀. Ìrù ejò òkun pẹlẹbẹ, ti ẹja rí ṣóńṣó. Ejò ní ìpẹ́, kò sì ní lẹbẹ kankan. Ẹja ní lẹbẹ lẹ́yìn, kò ní ìpẹ́. Ejò gbọ́dọ̀ gòkè wá mí lójú omi, ẹja kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹja náà kò ní oró, àmọ́ ẹni tí kò bá dá a lójú, kó jẹ́ kí ohun tó rí máa lọ.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí fún àwa tó ń gbé ìhà ibí ni pé ìdílé ẹja-ejò wà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú, títí wọ Gulf of Guinea. Ṣùgbọ́n kò sí ejò òkun nínú Àtìláńtíìkì, ì báà ṣe ẹyọ kan. Ẹ̀dá tó bá àwọn ará New Caledonia ka ẹja wọn kò sí lọ́dọ̀ wa. Àwọ̀n tí ọkọ̀ ń wọ́ kọjá lórí iyanrìn kì í mú ohun tó ti rì sábẹ́ rẹ̀, omi etíkun wa sì ṣókùnkùn ju ọ̀sà wọn lọ, ojú òmùwẹ̀ kò lè ran èèyàn lọ́wọ́ níbẹ̀. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí àkọsílẹ̀ ẹja etíkun kan tí wọ́n kọ pé ẹja gbọọrọ kò wọ́pọ̀, tí wọn kò sì sọ ohun tí wọ́n fi wá wọn.

Ọ̀nà kan wà tí mo rò pé a lè gbà. Àwọn ẹja ńlá máa ń gbé ẹja-ejò mì. Ní Ọsirélíà, àwọn onímọ̀ ti rí ẹja-ejò tó fi ìrù rẹ̀ líle lu àpòlúkù ẹja tó gbé e mì já, tó há sínú ara ẹja náà, tó sì kú síbẹ̀. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń la ikùn irú ẹja ńlá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ní etíkun wa, ohun tí wọ́n bá sì bá nínú rẹ̀, wọ́n ń dà á nù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn, kí ó jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìgò àti ìwé ìkọ̀wé, kí ó máa béèrè ibi tí wọ́n ti mú ẹja kọ̀ọ̀kan àti bí omi ibẹ̀ ti jìn tó, kí ó sì fi ohun tó bá rí ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ egungun àti eyín ẹja dá mọ̀. Iṣẹ́ náà kò ní gba ọkọ̀ ojú omi, kò sì ní gba oró.